Bí A Ṣe Lè Dín Epo Tí Alùpùpù Ń Jẹ Kù Nínú Súnkẹrẹ-Fàkẹrẹ Ìlú

Ẹni tó bá ń gun alùpùpù lọ sí ibi iṣẹ́ lójoojúmọ́ láàárín ìlú yóò ti ṣàkíyèsí pé lítà epo kan tó ń gbé e jìnnà ní òpópónà tó ṣófo kì í gbé e tó bẹ́ẹ̀ rárá nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Ohun tí ọ̀pọ̀ wa kọ́kọ́ máa ń rò ni pé kábúrétọ̀, ẹ̀rọ tó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́ fún ẹ́ńjìnnì, ti bàjẹ́, tàbí pé epo tí a rà kò dára. Lóòótọ́, ẹ̀rọ lè ní àìsàn tirẹ̀, n óò sì dé orí ìyẹn, ṣùgbọ́n lójú tèmi, nínú gbogbo ihò tí epo ń gbà jò dànù láàárín ìlú, èyí tó tóbi jù lọ tí ọwọ́ ẹni tó ń gun alùpùpù lè dí ni bíréèkì. Epo ni ẹ fi ra eré tí alùpùpù ń sá. Ní kété tí ẹ bá tẹ bíréèkì, eré tí ẹ ti sanwó rẹ̀ yẹn á di ooru, ooru náà á bá afẹ́fẹ́ lọ, ẹ ó sì tún fi epo mìíràn ra eré tuntun nígbà tí ọ̀nà bá là.

Ìṣirò rẹ̀ kò ṣòro. Agbára tó wà lára ohun tó ń sáré kì í bá eré náà pọ̀ ní ìwọ̀n kan náà: bí eré bá di ìlọ́po 2, agbára náà á di ìlọ́po 4. Ẹ jẹ́ ká wo àwọn méjì tí wọ́n jọ kúrò ní ìdí iná adarí ọkọ̀ kan, tí iná pupa mìíràn sì ń dúró dè wọ́n ní 300 mítà síwájú. Ẹni àkọ́kọ́ sáré dé kìlómítà 60 ní wákàtí kan, ó sì tẹ bíréèkì kíkankíkan nígbà tó kù díẹ̀ kó débẹ̀. Ẹnì kejì kò kọjá 30, ó ń bọ̀ jẹ́jẹ́. Bí ìwúwo àwọn àti alùpùpù wọn bá dọ́gba, agbára tí ẹni àkọ́kọ́ sọ di ooru lára bíréèkì jẹ́ ìlọ́po 4 ti ẹnì kejì, bẹ́ẹ̀ sì ni ìdí iná kan náà ni wọ́n ti tún pàdé. Bí iná náà bá sì yí padà sí àwọ̀ ewé kí ẹnì kejì tó débẹ̀, kò ní dúró rárá, eré tó ti wà lára alùpùpù rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni yóò fi kọjá.

Ẹ kọ́kọ́ wọn ohun tí alùpùpù yín ń jẹ

Kí ẹ tó yí ohunkóhun padà, ẹ gbọ́dọ̀ mọ iye epo tí alùpùpù yín ń jẹ báyìí, nítorí pé èrò ọkàn lásán kò lè sọ ọ́, abẹ́rẹ́ tó ń fi epo hàn kò sì péye tó fún irú iṣẹ́ yìí. Ẹ gbé alùpùpù dúró ṣánṣán lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kí ẹ rọ epo sínú táǹkì dé ojú ibi kan tí ẹ lè dá mọ̀ nígbà mìíràn, bí ìsàlẹ̀ ọrùn táǹkì. Ẹ má ṣe jẹ́ kí epo wọ inú ọrùn náà, nítorí pé epo máa ń wú bí oòrùn bá mú un, yóò sì wá ọ̀nà jáde. Ẹ kọ nọ́ńbà tó wà lójú aago kìlómítà sílẹ̀, kí ẹ wá gun alùpùpù bí ẹ ṣe máa ń gùn ún títí epo yóò fi lọ sílẹ̀ dáadáa, lẹ́yìn náà kí ẹ tún rọ ọ́ dé ojú ibi kan náà. Bí ẹ bá ti rin kìlómítà 150, tí epo tó wọlé sì jẹ́ lítà 4, ẹ pín 150 sí ọ̀nà 4, ẹ ó rí i pé lítà kan gbé yín rin kìlómítà 37.5.

Ìwọ̀n ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo kò tó. Òjò tó rọ̀, èrò tí ẹ gbé sẹ́yìn, tàbí ọjọ́ kan tí ọ̀nà dí ju ti àtẹ̀yìnwá lọ lè yí iye náà padà, nítorí náà ẹ wọ̀n ọ́n ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ó kéré tán, kí ẹ ro ó pọ̀, kí ẹ sì pín in sí mẹ́ta. Mo ní ìwé kékeré kan lábẹ́ ìjókòó tí mo ń kọ tèmi sí, ó sì ti ṣe mí lóore ju ohun èlò èyíkéyìí tí mo tíì rà lọ, torí pé òun ló ń sọ fún mi bóyá àtúnṣe tí mo ṣe wúlò tàbí ọkàn mi ló kàn ń tàn mí.

Bí a ṣe ń gùn ún

Ojú ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, kí ó tó kan ọwọ́. Ẹni tó bá ń wo ìdí ọkọ̀ tó wà níwájú rẹ̀ nìkan kò lè ṣe ju pé kó máa tẹ bíréèkì nígbàkígbà tí ọkọ̀ náà bá tẹ tirẹ̀. Ẹ máa wo ọkọ̀ kẹta àti ìkẹrin níwájú. Ìjókòó alùpùpù ga tó láti jẹ́ kí ẹ rí ọ̀nà lórí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Bí iná pupa ìdí wọn bá tàn lókè ọ̀hún, ẹ ti mọ ohun tó ń bọ̀ ṣáájú ẹni tó wà níwájú yín gan-an, ẹ sì lè dẹ ọwọ́ ọ̀tún tó ń fún ẹ́ńjìnnì lépo nígbà náà, kí alùpùpù máa fi eré tó ti ní yí lọ dé ibẹ̀.

Nínú ìdíwọ́ ọkọ̀ tó ń lọ díẹ̀ díẹ̀, àlàfo tó wà níwájú yín ni ọrọ̀ yín. Bí ọkọ̀ iwájú bá fò síwájú ní mítà 10, ẹ má ṣe lé e. Ẹ fi sí jíà àkọ́kọ́, ẹ tú kílọ́ọ̀ṣì (ohun tó ń so agbára ẹ́ńjìnnì mọ́ jíà) sílẹ̀ pátápátá, kí ẹ sì jẹ́ kí alùpùpù máa yí lọ ní ìwọ̀n eré ẹni tó ń fẹsẹ̀ yára rìn. Lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ọ̀pọ̀ alùpùpù kékeré lè ṣe èyí láìjẹ́ pé a fi epo kún un rárá. Nígbà tí ẹ ó bá fi súnmọ́ ọkọ̀ náà, ó ti tún kúrò níbẹ̀. Ẹlòmíràn lè wọ inú àlàfo náà, kí ẹ má sì jẹ́ kó bí yín nínú, nítorí pé bí ẹ bá dẹ ọwọ́ díẹ̀, àlàfo mìíràn á tún ṣí. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe báyìí, ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé àkókò tí mo fi ń dé ibi iṣẹ́ kò yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀.

Ní ti bí a ṣe ń gbéra, àwọn kan gbà pé kí a máa fún ẹ́ńjìnnì lépo bíńtín bíńtín bí ẹni tó ń jí i ṣe ni ọ̀nà ìfowópamọ́ tó dára jù. Kò rí bẹ́ẹ̀ tán. Bí ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì bá há jù, písítìnnì, irin tó ń lọ sókè sódò nínú ẹ́ńjìnnì, á máa fi agbára fa afẹ́fẹ́ gba ibi tóóró náà, bí ẹni tó ń fi sítúrọ́ọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ fa omi, agbára tó sì fi ń fà á, inú epo yín ló ti ń wá. Ohun tó dára ni pé kí ẹ ṣí i níwọ̀ntúnwọ̀nsì, bí ìdá kan nínú mẹ́ta tàbí kó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì, kí ẹ sì tètè yí sí jíà tó tẹ̀ lé e kí ẹ́ńjìnnì tó bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo. Ẹ má ṣe ṣí i tán, nítorí pé nígbà tí a bá ṣí i tán, ẹ́ńjìnnì máa ń gba epo ju èyí tó yẹ afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ lọ. Ìwọ̀n tí epo fi ń jó tán pátá ni kí ìwúwo afẹ́fẹ́ jẹ́ 14.7 sí ẹyọ 1 ti epo. Bí a bá ń fi ipá béèrè agbára, epo á pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, àṣẹ́kù rẹ̀ á sì bá èéfín jáde. Síbẹ̀, ẹ má ṣe tìtorí àtitètè yí jíà fìyà jẹ ẹ́ńjìnnì. Bí alùpùpù bá ń gbọ̀n rìrì, tàbí tí ẹ gbọ́ ìró tó dà bíi pé wọ́n ń fi òòlù kékeré kan irin nínú rẹ̀, jíà náà ti ga jù fún eré tí ẹ ń sá, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ ní ọ̀kan.

Nígbà tí ẹ bá ń bọ̀ wá dúró, ẹ dẹ ọwọ́ epo pátápátá, ṣùgbọ́n ẹ má tíì fa kílọ́ọ̀ṣì. Lára àwọn alùpùpù tó ń fi injector fọ́n epo, ẹ̀rọ tó ń darí rẹ̀ sábà máa ń dá epo dúró pátá nígbà tí ọwọ́ bá ti dẹ̀ tí jíà sì ṣì wọlé, títí ẹ́ńjìnnì yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ rọlẹ̀ dé ìwọ̀n tó fi ń dúró lásán. Ìyẹn ni pé eré tó ti wà lára alùpùpù ló ń yí ẹ́ńjìnnì, ẹ kò sì sun epo kankan fún gbogbo àkókò náà. Ẹni tó bá fa kílọ́ọ̀ṣì láti òkèèrè ti sọ àǹfààní yìí nù, nítorí pé ẹ́ńjìnnì á tún bẹ̀rẹ̀ sí í mu epo kó má baà kú. Alùpùpù oníkábúrétọ̀ kì í dá epo dúró báyìí, ṣùgbọ́n jíà tó wà nínú rẹ̀ ń bá yín dín eré kù, bíréèkì yín á sì pẹ́.

Ìwà kan tún wọ́pọ̀, òun ni dídi kílọ́ọ̀ṣì mú sí ìdajì, pàápàá lórí òkè, tí a ń fi epo gbé alùpùpù dúró kó má baà yí padà sẹ́yìn. Lákòókò yẹn, àwọn abala kílọ́ọ̀ṣì ń ha ara wọn, agbára ẹ́ńjìnnì ń di ooru, alùpùpù kò sì kúrò lójú kan. Bíréèkì ni kí ẹ fi dúró lórí òkè, kí ẹ sì fi kílọ́ọ̀ṣì gbéra nìkan.

Ní ti dídúró lásán, ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì alùpùpù kékeré máa ń yí ní nǹkan bí ìgbà 1,400 ní ìṣẹ́jú kan bí ọkọ̀ bá dúró. Nítorí pé ẹ́ńjìnnì four-stroke (èyí tí písítìnnì rẹ̀ ń rìn ní ẹ̀ẹ̀mẹ́rin, sókè sódò, kó tó parí iṣẹ́ kan) máa ń mu epo lẹ́ẹ̀kan nínú yíyí méjì, ìgbà 700 ló ń mu epo ní ìṣẹ́jú yẹn, kò sì gbé yín rin mítà kan. Honda ti ṣe ẹ̀rọ sínú irú alùpùpù wọn kan, PCX, tó máa ń pa ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ lẹ́yìn nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 3 tí ọkọ̀ bá dúró, tó sì ń tan án padà bí a bá yí ọwọ́ epo. Ẹni tí tirẹ̀ kò ní irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kò gbọ́dọ̀ máa fi sítátà ṣeré ní gbogbo ìgbà, nítorí bátìrì. Ìlànà tí mo ń tẹ̀ lé ni pé bí mo bá mọ̀ dájú pé ìdúró náà yóò ju ààbọ̀ ìṣẹ́jú lọ, mo máa ń pa á: ìdí iná tó máa ń pẹ́, ibi tí ọkọ̀ ojú irin ti ń kọjá, tàbí ẹnu ọ̀nà ilé ẹni tí mo ń dúró dè. Ṣùgbọ́n bí mo bá wà níbi tí ọkọ̀ mìíràn ti lè máa bọ̀ lẹ́yìn mi pẹ̀lú eré, n kì í pa á, nítorí pé mo lè nílò láti sá kúrò lójú ọ̀nà. Iná ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ máa tàn ní gbogbo ìgbà.

Ọ̀nà tí ẹ yàn náà ní ipa tirẹ̀. Ọ̀nà tó fi kìlómítà kan gùn jù, ṣùgbọ́n tí ẹ kì í ti í dúró púpọ̀, sábà máa ń jẹ epo kéré sí èyí tó kúrú tí ó kún fún ìdúró. Ẹ fi ìwé ìṣirò yín dán méjèèjì wò fún ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá sì ṣeé ṣe láti kúrò nílé ní ogún ìṣẹ́jú ṣáájú ìgbà tí gbogbo ènìyàn ń jáde, ìyẹn nìkan lè ṣe ju gbogbo ohun tí mo ti sọ lọ.

Àìsàn tó lè wà lára ẹ̀rọ

Gbogbo alángbá ló da ikùn dé ilẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni alùpùpù tó ń jẹ epo jù ṣe rí: ohun mẹ́wàá ló lè fà á, gbogbo wọn ló sì jọ ara wọn lójú ẹni tó ń gùn ún. Ní àkókò kan, iye kìlómítà tí lítà kan ń gbé mi lọ sílẹ̀ lójijì, mo sì tú kábúrétọ̀ palẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, mo fọ̀ ọ́, mo tò ó padà, kò sì sí ìyàtọ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan ni mo ṣèèṣì fọwọ́ kan àárín táyà ẹ̀yìn nígbà tí mo délé, ó gbóná bí ìkòkò orí iná. Èmi fúnra mi ni mo ti fún bíréèkì ẹ̀yìn le jù nígbà tí mo tún un ṣe, ó sì ń ha táyà ní gbogbo ìgbà tí mo ń rìn. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò láti orí ohun tó rọrùn jù tí kò sì ná ènìyàn ní kọ́bọ̀.

Ẹ gbé alùpùpù sórí ẹsẹ̀ ìdúró àárín, kí ẹ fi sí ipò tí kò sí jíà, kí ẹ sì fi ọwọ́ yí táyà ẹ̀yìn. Ó yẹ kó yí dáadáa kó tó dúró, láìsí ìró ohun tó ń ha. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún ti iwájú pẹ̀lú bí ẹ bá lè gbé e sókè láìséwu. Nígbà tí ẹ bá ti ìrìn àjò dé, ẹ gbé ẹ̀yìn ọwọ́ súnmọ́ ibi tí bíréèkì wà láìfọwọ́ kàn án. Bí ọ̀kan bá gbóná ju èkejì lọ lọ́nà tó yàtọ̀, tí ẹ kò sì lò ó púpọ̀, ẹ ti rí ibi tí inú ti ń run.

Afẹ́fẹ́ inú táyà ló tẹ̀ lé e. Táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ dín máa ń wó pẹrẹsẹ sílẹ̀, ara rẹ̀ á máa ká, á máa nà bó ṣe ń yí, ìkánìnà yẹn sì ń jẹ agbára. Lára ọ̀pọ̀ alùpùpù kékeré, iye tó yẹ máa ń wà láàárín 25 sí 33 psi (ìwọ̀n tí a fi ń wọn agbára afẹ́fẹ́ inú táyà), ti ẹ̀yìn a sì máa ga ju ti iwájú lọ, pàápàá bí ẹ bá ń gbé èrò. Ṣùgbọ́n ìwé tó bá alùpùpù yín wá, tàbí bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀, ni adájọ́. Òwúrọ̀ kí ẹ tó jáde ni kí ẹ wọ̀n ọ́n, nítorí pé táyà tó ti rìn máa ń gbóná, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á sì fi iye tó ga ju ti òótọ́ lọ hàn. Ẹ máa ṣe é lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, torí pé táyà tí kò jò pàápàá máa ń pàdánù afẹ́fẹ́ díẹ̀ díẹ̀.

Ṣéènì tó gbẹ tàbí tó kún fún iyanrìn ń fi agbára ṣòfò láàárín ẹ́ńjìnnì àti táyà. Ẹ fi kerosíìnì àti búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́ nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ti kú, kí ẹ nù ún gbẹ, kí ẹ sì fi ọ́ìlì ṣéènì pa á ní nǹkan bí kìlómítà 500 sí ara wọn, àti lẹ́yìn òjò ńlá. Lára ọ̀pọ̀ alùpùpù kékeré, ó yẹ kó lè lọ sókè sódò ní 20 sí 30 mílímítà ní àárín méjì rẹ̀. Èyí tó le jù burú ju èyí tó dẹ̀ díẹ̀ lọ, nítorí pé ó ń fa àwọn bíárìnnì, ó sì ń jẹ epo.

Asẹ́ afẹ́fẹ́, tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní fíítà, máa ń dí kíákíá níbi tí eruku àti èéfín ọkọ̀ pọ̀ sí. Bí ó bá dí, kábúrétọ̀ á máa fa epo ju èyí tó yẹ afẹ́fẹ́ náà lọ. Èyí tó jẹ́ fóòmù ni a lè fi omi ọṣẹ fọ̀, kí a jẹ́ kó gbẹ pátá, kí a sì fi ọ́ìlì díẹ̀ sí i. Èyí tó jẹ́ bébà, ṣe ni a ń pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ má ṣe yọ ọ́ kúrò pátápátá bí àwọn kan ti ń ṣe, nítorí eruku tí yóò wọlé á bẹ̀rẹ̀ sí í ha písítìnnì.

Púlọ́ọ̀gì, ohun tó ń ta iná sí epo nínú ẹ́ńjìnnì, lè sọ ohun tó ń lọ níbẹ̀ fún yín. Bí ẹnu rẹ̀ bá ní àwọ̀ ilẹ̀ tàbí eérú tó pọ́n díẹ̀, ó dára. Bí ó bá dúdú tó sì ní ẹ̀fú bíi ti ìdí ìkòkò, epo ti pọ̀ jù. Bí ó bá funfun fòò, afẹ́fẹ́ ló pọ̀ jù, ẹ́ńjìnnì sì wà nínú ewu ooru. Kí ẹ tó dá kábúrétọ̀ lẹ́bi fún dúdú náà, ẹ wò ó bóyá ṣóòkì (choke, ohun tó ń dín afẹ́fẹ́ kù nígbà tí a bá ń tan ẹ́ńjìnnì tó tutù) kò padà sí ààyè rẹ̀ tán, torí pé èyí wọ́pọ̀ gan-an, àtúnṣe rẹ̀ kò sì ju kí a fi ọ́ìlì sí okùn rẹ̀ lọ. Ẹ gbóòórùn abẹ́ táǹkì pẹ̀lú: bí òórùn epo bá wà níbẹ̀, ó ń jò níbì kan, ìyẹn sì léwu ju ọ̀rọ̀ owó lọ.

Ní ti ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, ẹ lo irú èyí tí ìwé alùpùpù sọ. Èyí tó bá ki jù yóò mú kí ẹ́ńjìnnì máa ṣe wàhálà, pàápàá láàárọ̀ tó bá tutù. Bí kílọ́ọ̀ṣì alùpùpù yín bá wà nínú ọ́ìlì, bó ṣe rí lára ọ̀pọ̀ wọn, ẹ wá àmì JASO MA, tó ń fi hàn pé ọ́ìlì náà yẹ irú kílọ́ọ̀ṣì bẹ́ẹ̀, lára agolo; ọ́ìlì ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí wọ́n ṣe láti máa yọ̀ púpọ̀ lè mú kí kílọ́ọ̀ṣì máa yọ̀, kí ẹ́ńjìnnì pariwo sí i, kí eré má sì kún un.

Ohun tí kò yẹ kí ẹ ṣe

Mẹkáníìkì kan lè sọ fún yín pé òun yóò fi ihò epo tó kéré sí i sínú kábúrétọ̀. Epo á dín kù lóòótọ́ fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ tó pọ̀ jù ń mú kí ẹ́ńjìnnì gbóná ré kọjá ààlà, ó sì lè jó orí písítìnnì. Ẹ má gbà fún un. Ẹ má sì fi owó ra mágínẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń so mọ́ okùn epo, tàbí àwọn oògùn tí wọ́n ń rọ sínú táǹkì pẹ̀lú ìlérí ńlá: àjọ EPA, tó ń rí sí ààbò àyíká ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ti yẹ irú ohun èlò bẹ́ẹ̀ tó ju 100 lọ wò, wọn kò sì rí èyí tó dín epo kù lọ́nà tó nítumọ̀. Epo tí octane rẹ̀ (ìwọ̀n bí epo kì í ṣe gbiná ṣáájú àkókò) ga náà kò ṣe àǹfààní kankan fún ẹ́ńjìnnì tí ìwé rẹ̀ kò béèrè fún un.

Pípa ẹ́ńjìnnì kí alùpùpù máa yí sọ̀kalẹ̀ lórí òkè ni èyí tó ń kọ mí lóminú jù. Ẹ kò ní agbára láti sá fún ọkọ̀ mọ́, jíà kò ní bá yín dín eré kù, bí ọwọ́ bá sì ṣèèṣì yí kọ́kọ́rọ́ kọjá ààyè rẹ̀, orí alùpùpù lè tì pa.

Nígbà tí ẹ bá ti ṣe àwọn àtúnṣe wọ̀nyí, ẹ ṣe é ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì wọn táǹkì kan tàbí méjì láàárín wọn, kí ẹ lè mọ èyí tó ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ máa wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Bí iye náà bá fi ìdá kan nínú mẹ́wàá lọ sílẹ̀, tí ọ̀nà àti ẹrù yín kò sì yí padà, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí bíréèkì tó ń ha, kí ẹ lọ sí táyà, sí ṣéènì, sí ṣóòkì, sí asẹ́ afẹ́fẹ́, sí púlọ́ọ̀gì, kí ẹ tó ní kí mẹkáníìkì wo bí àlàfo fáàfù (ìlẹ̀kùn kékeré tí afẹ́fẹ́ àti èéfín ń gbà wọlé jáde nínú ẹ́ńjìnnì) ṣe rí, kí kábúrétọ̀ sì jẹ́ ohun tí ẹ ó tú kẹ́yìn.